Ìsọdi-Fíìmù Géèmù: Kí Ni Ó Ń Sọnù?

Ìsọdi-fíìmù ìwé kò ṣàjèjì sí wa. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ìṣòro ti géèmù orí ẹ̀rọ yàtọ̀. Ẹni tí ó ń gbá géèmù ni ó ń darí ẹ̀dá-ìtàn. Bí géèmù bá di fíìmù, ẹni náà ti di òǹwòran lẹ́bàá ọpọ́n ayò nìyẹn: ọmọ ayò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Fíìmù tí kò bá rí ohun gidi fi dí àlàfo yìí yóò kùnà. Super Mario Bros., géèmù Nintendo ti ilẹ̀ Japan (1985), di fíìmù ní 1993. Orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú ṣíṣú kan ni a fi rọ́pò ayé aláràbarà inú géèmù. Owó tí ó pa kò tó èyí tí a ná lé e lórí.

The Last of Us (2013), tí ó di eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣàn ní 2023, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú géèmù, òkú Frank àti lẹ́tà rẹ̀ nìkan ni a bá. Nínú eré tẹlifíṣàn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpín kẹta ni a fi sọ ìgbésí ayé òun àti Bill. Ìjà dín kù. Ìfẹ́ àti ọjọ́ ogbó ni ó rọ́pò rẹ̀.

Ní èrò tiwa, géèmù lè di fíìmù gidi. Ìjẹ́-olóòótọ́ sí orísun nìkan kò tó láti fi díwọ̀n rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè ni pé: kí ni fíìmù yìí fún òǹwòran dípò ohun tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀?