ÒRÙKA LẸ́SẸ̀ ẸYẸ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé ni a máa ń rí ẹyẹ kékeré kan ní òkè Ọya níhìn-ín, tí àyà rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ìdí màlúù ni ó máa ń wà tí yóò máa ṣa kòkòrò jẹ, ìrù rẹ̀ kì í sì í sinmi. Yellow Wagtail ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bí oṣù kẹrin bá fi máa parí, yóò ti lọ. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ń lọ yé ẹyin. Báwo ni a ṣe mọ̀?

Òrùka ni. Ní ọdún 1899, olùkọ́ kan ní Denmark, Hans Christian Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka alumíníọ́mù sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Nọ́ńbà àti àdírẹ́sì wà lára rẹ̀, kí ẹni tí ó bá rí ẹyẹ náà níbòmíràn lè kọ̀wé.

Ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún 1967, nígbà tí àwọn ẹyẹ ń múra àtilọ, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe iṣẹ́ yìí ní Malamfatori, létí adágún Chad. C. H. Fry, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, wà lára wọn. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí: kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ta àwọ̀n olówùú tín-ín-rín sáàárín igi méjì. Ẹyẹ kì í rí i títí yóò fi kó sí i. Wọ́n á rọra yọ ọ́ (ọ̀rọ̀ ọlọ́wọ́ líle kọ́ nìyí o), wọ́n á fi òrùka sí i, wọ́n á wọn ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n á sì jù ú sílẹ̀.

Òṣùwọ̀n yẹn gan-an ni ó tú àṣírí. Sedge Warbler, tí kì í ju gíráàmù 12 lọ nígbà tí kò bá sanra, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbéra. Ọ̀rá ni. Àwa tí a ń wọ mọ́tò láti ìhín lọ sí Ìbàdàn mọ̀ pé dẹ́rẹ́bà á kọ́kọ́ rọ epo kún táǹkì. Ẹyẹ yìí kò ní rí ilé epo kankan nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Koríko àti kòkòrò etí adágún ni ilé epo rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ìṣòro nìyí. Ní àwọn ọdún 1960, adágún Chad fẹ̀ tó ìwọ̀n 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ọ̀dá ọdún 1972 sí 1973 àti ti 1983 sí 1984 fà á gbẹ títí ó fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Omi ti padà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọdún 2008 sì ni wọ́n fi apá ti Nàìjíríà sínú ìwé Ramsar, ti àwọn ilẹ̀ àbàtà tí gbogbo ayé ní láti tọ́jú. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹyẹ ń rí oúnjẹ tó níbẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 1967 ni a ó fi wé e.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí òrùka lẹ́sẹ̀ ẹyẹ tí àwọn ọmọdé pa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣeré sọnù. Ẹ da nọ́ńbà rẹ̀ kọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ó wà lára rẹ̀. Bí ìyẹn bá nira, ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ti Yunifásítì Jos wà ní Laminga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó Amurum. Àwọn náà ń fi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀.