Èéfín tí ojú kò rí: Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀, àti ẹni tó jẹ gbèsè rẹ̀

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, kò ṣe é fi pamọ́. Ṣùgbọ́n èéfín kan wà tí ojú kì í rí, tí kò sì ní òórùn. Òun ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì, òun sì ni olórí ohun tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Báwo wá ni a ṣe ń wọn ohun tí ojú kò rí?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Kò sí ẹni tó ń gbé òṣùwọ̀n sí ẹnu ẹ̀rọ. Ohun tí a jó ni a fi ń mọ iye èéfín. Lítà epo bẹntiróòlù kan, bí ó bá jó tán, yóò tú èéfín yìí tó nǹkan bí kílò 2.3 sí afẹ́fẹ́. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé lítà epo kan kò wúwo tó kílò kan. Ìdí rẹ̀ ni pé kábọ́ọ̀nù inú epo ń gba ọ́síjìn mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá ń jó. Nítorí náà, ìdílé tó bá ń jó lítà 5 nínú jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́ yóò tú nǹkan bí kílò 345 jáde láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ti ọjà ló díjú. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tí a ń wò ní Ìbàdàn, ta ló ni èéfín rẹ̀? Nínú ìṣirò tí àwọn orílẹ̀-èdè ń fi ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ilẹ̀ tí a ti dáná ni wọ́n ń kọ ọ́ sí lọ́rùn. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní ẹni tó lo ọjà ni kó rù ú. Wọ́n ń tọ ipasẹ̀ owó láti ilé iṣẹ́ kan dé òmíràn, ọgbọ́n tó ti inú iṣẹ́ Wassily Leontief wá, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé lọ́dún 1973. Irú ọgbọ́n yìí ni àwọn olùwádìí kan lò nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018. Wọ́n ka ọkọ̀ òfúrufú, oúnjẹ àti ọjà tí arìnrìn-àjò afẹ́ ń rà pọ̀, wọ́n sì rí i pé ó kó nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 gbogbo èéfín tó ń mú ayé gbóná.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Láti oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní kí àwọn tó ń kó irin, alumíníọ̀mù, sìmẹ́ǹtì àti ajílẹ̀ ìgbàlódé wọ ilẹ̀ wọn máa ka èéfín tí a fi ṣe wọ́n. Òfin náà sì sọ owó di dandan lórí èéfín ọjà tó bá wọlé láti oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2026. Alumíníọ̀mù àti ajílẹ̀ wà lára ohun tí à ń kó jáde ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ tí kò bá ní ìṣirò tirẹ̀ lọ́wọ́, iye tí Yúróòpù ti yàn sílẹ̀ ni wọn yóò lò fún un, pẹ̀lú ẹ̀lé lórí rẹ̀.

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n èéfín ara rẹ̀ lè san gbèsè tó ju èyí tó jẹ lọ.