Ẹjọ́ Odò Ògùnpa

Kò sí àgbà tí ó gbé Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ní ọdún 1980 tí yóò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún náà, nígbà tí òjò rọ̀ fún bí wákàtí mẹ́wàá, tí odò Ògùnpa, tí ó ń ti apá Àgodi wọ́ bọ̀ wá sí ẹ̀bá Dùgbẹ̀ kí ó tó gba Mọ́lété lọ, ya kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, tí ó wọlé tọ olówó àti tálákà, tí ó sì gbé ènìyàn tí ó lé ní 200 lọ. Omíyalé ni àwọn ará ìlú sọ ọ́, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu di òní.

Nígbà tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá fà tán, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bèèrè kì í ṣe ibi tí omi há sí, bí kò ṣe ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a ní a kò bọ odò mọ́. Oníwàásù a ní ẹ̀ṣẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìmọ̀wé ló fà á. Evans-Pritchard, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan jáde ní ọdún 1937 lórí àwọn Azande, ẹ̀yà kan ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, ó ní bí àká bá wó lu àwọn tí wọ́n jókòó sábẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ pé ikán ti jẹ òpó rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí ó fi jẹ́ àwọn wọ̀nyí, ní wákàtí yìí gan-an. Àwọn baba wa náà wí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọkàn ọmọ aráyé kì í fẹ́ gba ìbànújẹ́ tí kò ní ẹlẹ́jọ́.

N kò bú ìgbàgbọ́ náà, nítorí ó ti ṣe iṣẹ́ tí apá òfin kò ká. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí ó jẹ́ èèwọ̀ láti ṣọdẹ, láti pẹja àti láti gé igi: ẹ̀rù àti ìfẹ́ Yèyé Ọ̀ṣun ni àwọn olùbọ rẹ̀ àti Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, fi jà fún un, títí UNESCO fi kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ní Ìbàdàn tiwa, ẹ̀rù odò lọ, ìjọba òyìnbó fi ẹ̀rù wolé-wolé dípò rẹ̀, tí ìyàwó ilé á sáré bo àmù bí ó bá ti gbúròó rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù wolé-wolé náà lọ, a kò fi ohunkóhun dípò.

Ẹ dúró létí ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀ ní kùtùkùtù. Ìyá tí ó ni ín á gbá iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní, á wọ́n omi síbẹ̀, á gbàdúrà tọkàntọkàn kí Ọlọ́run ṣọ́ òun àti àwọn ọmọ òun, lẹ́yìn èyí á fi ìgbálẹ̀ ti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ṣùkù àgbàdo àti ewé mọ́ínmọ́ín sínú gọ́tà. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ògùnpa ti kìlọ̀ ní ọdún 1960, 1963 àti 1978 kí Omíyalé tó dé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 nílùú yìí, ìyẹn ló mú kí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014 láti fi tún ojú odò àti afárá ṣe. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ojú odò tí a gbẹ́ lónìí, ìgbálẹ̀ lè dí i lọ́la.

Láti Agbowó dé Challenge, kò sí àdúgbò tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ohùn pásítọ̀ àti ààfáà sì ń wọ ibi tí ohùn ìjọba kì í dé. Bí wọ́n bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìwàásù, tí wọ́n ka olè, àgbèrè àti èké, ó yẹ kí wọ́n ka ẹni tí ó da ilẹ̀ sí gọ́tà mọ́ wọn, nítorí ọmọ tí omi gbé lọ ní Mọ́lété, ọwọ́ kan ló dí ọ̀nà omi náà, ẹni tí ó ni ọwọ́ ọ̀hún sì wà láàrin àwọn tí ń ṣe Àmín.