Omi Ń Jò, Ṣùgbọ́n Níbo?

A dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bódíjà, n'Ìbàdàn, kí oòrùn tó mú. Ìyá àgbà ló ń gbé ibẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń náwó ilé wà. Púlọ́ńbà tó kọ́kọ́ wá ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i: "Omi ń jò. A máa fọ́ táìlì. Ẹ fi owó ránṣẹ́." Kò sọ ibi tó ti ń jò, kò sì sọ bó ṣe mọ̀.

Ọ̀gá púlọ́ńbà tí mo tẹ̀ lé kò tiẹ̀ tíì ṣí àpò irinṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lo omi fún wákàtí kan." Ó pa súmò tó ń fa omi, ó gun àkàbà, ó ki ọ̀pá bọ inú táǹkì, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí omi dé. Nígbà tí wákàtí kan pé, omi ti fi ìka méjì wálẹ̀.

Ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná ń kán tó, tó, tó. Ọ̀gá ti gbé ìgò 50cl sábẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún. Lítà 12 lójúmọ́ nìyẹn, síbẹ̀ kò lè mú omi táǹkì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ló bá bu búlúù ìfọṣọ sínú àpótí omi ilé ìgbẹ́ òkè. Ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn án, àmọ́ kò pẹ́ tí omi inú àwo ilé ìgbẹ́ náà fi di búlúù.

Ó ti omi ilé ìgbẹ́ yẹn pa, ó tún sàmì sí ọ̀pá. Wákàtí mìíràn. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín ìyá tán, omi táǹkì wà níbi tó wà.

Ó wá ku àbàwọ́n ara àjà pálọ̀, lábẹ́ balùwẹ̀, èyí tí ẹni àkọ́kọ́ rí tó fi ń pariwo táìlì. Ó gbẹ táútáú. Ọ̀gá da garawa omi méjì sílẹ̀ nínú balùwẹ̀. A wòkè títí, kò sí ohun tó kán.

Ó jókòó, ó ń kọ ìjábọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Mo rò pé yóò kó èdè àwọn púlọ́ńbà sí i. "Rọ́bà ìdí àpótí omi" ló kọ, ó sì fi fọ́tò rẹ̀ tì í. Ibi tó wù mí jù ni ti àjà: "Mi ò rí ohun tó fa àbàwọ́n yìí. Kì í ṣe páìpù tó ń gbé omi wọlé, mo ti dán an wò. Ó lè jẹ́ ojú ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde, ó lè jẹ́ òrùlé. Ẹ má fọ́ táìlì. Tí òjò bá rọ̀, màá padà wá wò ó."

Mo bi í pé ṣé oníbàárà kò ní rò pé kò mọṣẹ́. Ó dáhùn: "Tí wọ́n bá fọ́ táìlì tán tí wọn ò bá nǹkan kan ńbẹ̀, ta ni yóò san án?"

Ohùn obìnrin náà wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù: "Bọ̀dá, ẹ ṣé o. Ṣé rọ́bà yìí nìkan ni?"

"Àti ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná, mà."