Àǹkóò Fáwẹ̀lì ní Àríwá Èkìtì

Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, u ni àwọn àgbà fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ìwé ń fi i kọ: ulé ni ilé, uṣẹ́ ni iṣẹ́. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Èkìtì, u méjèèjì kò dọ́gba. Ìdí ahọ́n a máa sún síwájú fún ti ulé. A sì máa fà sẹ́yìn fún ti uṣẹ́, nítorí ẹ tó tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni i pín sí méjì, tí fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 fi di 9.

Àǹkóò fáwẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pe irú ìbámu yìí. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ̀wé lé e lórí ní 1967. Orúkọ náà dára, nítorí aṣọ ẹgbẹ́ ni àwọn ìró náà wọ̀. Ṣùgbọ́n nínú Mọ̀bà, ní àríwá Èkìtì kan náà, àǹkóò kì í kan i àti u. Ohùn Èkìtì kò jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́tà 7 ni àkọtọ́ wa ní fún wọn. Akan ti Gánà náà ń fi lẹ́tà 7 kọ fáwẹ̀lì 9, ó kéré tán. Nítorí náà, àìtó lẹ́tà kọ́ ni ewu. Ewu ni kí olùkọ́ fagi lé uṣẹ́ nínú ìwé ọmọ bí àṣìṣe, láìsọ fún un pé ìró ẹnu ìyá rẹ̀ ní òfin tirẹ̀.