Mọ́tò Àtijọ́ Tí A Kò Tún Ṣe Parí: Èló Ni Kí Á Tà Á?

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la gbé wá sójú ewé ìṣòwò lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe mọ́tò tó ń rìn. Mọ́tò tó wà lábẹ́ tapólì nínú gáráàjì ni, èyí tí ẹni tó ni ín ti ń tún ṣe láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nílẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fara ti ògiri, tí àwọn bóòtù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì wà nínú agolo bisikíìtì.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ fi wà nínú ilé wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, tàbí Pijó 504, ni a kọ́kọ́ jókòó sí nígbà èwe. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, ọdún yẹn náà sì ni ti Pijó bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Nígbà tí ènìyàn bá wá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ owó díẹ̀, tí ó sì rí Ìjàpá kan tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ọkàn rẹ̀ á fà sí i. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìgbà tí owó ilé ìwé àwọn ọmọ, kíkó kúrò nílé, tàbí ẹ̀yìn ríro bá ní kí iṣẹ́ náà dúró ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Baálé ilé á ní £9,000 ni òun ti ná, òun kò sì ní tà á ní kọ́bọ̀ tó kéré sí i. Ìyàwó á ní kí àwọn tó ń ra àlòkù irin wá gbé e lọ lọ́la. Ní ti ìṣirò, àwọn méjèèjì ni kò tọ̀nà.

Ìṣirò ti ẹni tó fẹ́ rà á

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ èyí tó dunni jù. Owó tí ẹ ti ná sórí mọ́tò kọ́ ni iye rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á kò wo ọdún mẹ́fà tí ẹ fi ṣe iṣẹ́ nínú òtútù. Iṣẹ́ tó kù ló ń wò. Láti ẹ̀yìn ló ti ń ṣírò bọ̀ wá síwájú. Á béèrè pé èló ni irú Ìjàpá yìí ń lọ bí ó bá parí tó sì ń rìn. Á yọ gbogbo owó tí òun yóò ná kí ó tó parí. Lẹ́yìn náà á yọ owó ewu, nítorí pé kò mọ ohun tó fara pa mọ́ sábẹ́ irin. Èyí tó ṣẹ́kù ló lè san.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, àwa la fi ọwọ́ ara wa yan àwọn iye rẹ̀. Ká ní Ìjàpá 1972 tó parí dáadáa ń lọ ní £11,000. Iṣẹ́ jórinjórin tó kù ní ilẹ̀ rẹ̀ àti lábẹ́ ilẹ̀kùn yóò jẹ £2,000. Ọ̀dà fífín, £3,000. Ìjókòó, rọ́bà gíláàsì àti wáyà iná, £1,200. Bíréèkì àti táyà, £800. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £7,000. Ó ku £4,000. Bí ẹni tó ń rà á bá fi ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ tó kù ṣe owó ewu, ìyẹn £1,400, ó ku £2,600. Òun náà fẹ́ jẹ èrè díẹ̀ fún làálàá rẹ̀, nítorí náà kí ó bẹ̀rẹ̀ ní £2,000 kì í ṣe ọ̀yájú rárá. Baálé ilé tó ná £9,000 yóò ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nínú ìṣirò yìí ni pé rìsíìtì £9,000 kò fara hàn níbi kankan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí £2,600 yẹn pọ̀ sí i, ọ̀nà méjì péré ló wà: kí iṣẹ́ tó kù dín kù, tàbí kí owó ewu dín kù. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń gba owó, ìkejì ń gba sùúrù àti òtítọ́ nìkan. Ìkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí.

Ní ti iye tí mọ́tò tó parí ń lọ, ẹ má ṣe wo iye tí àwọn ènìyàn ń pè nínú ìpolówó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ná aṣọ lọ́jà rí mọ̀ pé iye tí ìyá aláṣọ pè kọ́ ni iye tó tà á. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń lu mọ́tò àtijọ́ ní gbàǹjo máa ń gbé iye tí wọ́n tà wọ́n jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, eBay náà sì lè fi àwọn ọjà tó ti tà hàn yín lọ́tọ̀. Ẹ wá mẹ́rin tàbí márùn-ún tó jọ tiyín. Kí ẹ sì wo irú mọ́tò tó jẹ́: Ìjàpá àti Morris Minor ní olùfẹ́ púpọ̀ níbí, sípéè páàtì wọn kò sì ṣòro rí. Pijó 504 dùn mọ́ àwa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá a nílẹ̀ yìí kò pọ̀, nítorí náà ẹ gbà pé yóò pẹ́ kó tó tà.

Kí á náwó sí i kí á tó tà á?

Ìdáhùn wa ni pé rárá, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá ná £3,000 sí ọ̀dà fífín kí ó lè tà á kì í sábà rí £3,000 yẹn gbà padà, pàápàá bí ẹni tó ń rà á bá fẹ́ àwọ̀ mìíràn. Ọ̀dà titun lórí mọ́tò tí iṣẹ́ irin rẹ̀ kò tíì parí tilẹ̀ máa ń fa ìfura; ohun tí oníbàárà ń rò ni pé ẹ fẹ́ fi bo ìpáàrà mọ́lẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ kékeré kan wà tó lérè. Ẹ dá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí ìdí mọ́tò kí ó lè yí, nítorí mọ́tò tó ṣeé tì sórí tírélà yàtọ̀ gédégédé sí èyí tí ènìyàn mẹ́fà ní láti gbé. Bí ẹ́ńjìnnì bá lè ṣiṣẹ́, ẹ tàn án lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ kó agolo bisikíìtì wọ̀nyẹn jáde, kí ẹ pín ohun inú wọn sí páálí, kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ara rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé méjì ni iṣẹ́ yìí ń gbà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dín owó ewu kù tó bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ̀rù tó ń ba ẹni tó ń ra mọ́tò tí wọ́n ti tú palẹ̀ jù ni pé ohun kan ti sọnù tí òun kò ní mọ̀ àfi lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ.

Àwòrán náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ní àwòrán ibi tí jórinjórin ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fi ọ̀dà bò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Rìsíìtì yín wúlò níhìn-ín o: kò lè sọ iye tí mọ́tò jẹ́, àmọ́ ó fi hàn pé lóòótọ́ ni wọ́n ṣe bíréèkì ní ọdún báyìí.

Ẹ mú oníbàárà lọ síbi tó burú jù fúnra yín. Ẹni tó mọ Ìjàpá yóò mú tọ́ọ̀ṣì àti sukurudiráfà wá, yóò sì yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò lábẹ́ bátìrì, tó wà nísàlẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn, àti irin gbọọrọ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Yóò rí i, bí ẹ sọ bí ẹ kò sọ. Bí ẹ̀yin bá kọ́kọ́ fi hàn án, yóò gba àwọn ibi tí kò lè rí gbọ́ láti ẹnu yín. Ìjókòó ẹ̀yìn yẹn náà ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣásí sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ó bá ìwé mu, nítorí pé ara Ìjàpá ṣeé tú kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn kan a sì ti gbé ara mọ́tò kan lé ilẹ̀ òmíràn láìkọ ọ́ síbì kankan.

Ìwé, òfin àti owó orí

Ìwé V5C láti ọ̀dọ̀ DVLA ni àkọ́kọ́. Bí ó bá ti sọnù, ẹ gba òmíràn kí ẹ tó polówó ọjà; £25 ni. Mọ́tò tí kò ní ìwé, owó ewu rẹ̀ máa ń ga débi pé ohun tó kù lè má tó nǹkan. Kí ẹ sì rántí pé wọ́n kọ ọ́ sára V5C pé kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni mọ́tò, nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ rà á.

Mọ́tò tó ti lé ní 40 ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní láti béèrè fún un. Láti May 2018, irú rẹ̀ kò nílò MOT mọ́ bí wọn kò bá ti yí i padà púpọ̀ láàárín 30 ọdún. Ẹ lè fi èyí sínú ìpolówó yín, nítorí ẹni tó ń rà á yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. SORN tí ẹ ti ṣe kì í bá mọ́tò lọ. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀.

Òfin Road Traffic Act 1988 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ta mọ́tò tí kò yẹ kó rìn lójú pópó, àfi bí ẹ bá ní ìdí gidi láti gbà pé wọn kò ní wà á títí wọn yóò fi tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé mọ́tò tí àtúnṣe rẹ̀ kò parí ni, pé orí tírélà ni yóò gbà lọ, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á kúrò nílé yín. Kí ẹ kọ pé “bí ẹ ti rí i lẹ ṣe rà á” dára, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹni tó purọ́ sílẹ̀; bí ẹ bá sọ pé kò sí ìpáàrà tí ẹ sì mọ̀ pé ó wà, òfin Misrepresentation Act 1967 wà níbẹ̀.

Ní ti owó orí, ìjọba kì í gba Capital Gains Tax lórí mọ́tò tí à ń jókòó sí. Ẹ̀yìn owó náà ni pé àdánù yín kò ṣeé fi dín owó orí èrè mìíràn kù. A máa ń rí ìbéèrè yìí ní gbogbo January, ìdáhùn kan náà sì la máa ń fún wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń rà wọ́n láti tún wọn ṣe tà ni, òwò nìyẹn. Bí gbogbo owó tó wọlé láti inú òwò náà bá ti kọjá £1,000 láàárín ọdún owó orí kan, ìyẹn kí ẹ tó yọ ìnáwó, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún HMRC, àwọn oníbàárà yín á sì ní ẹ̀tọ́ púpọ̀ sí i lábẹ́ Consumer Rights Act 2015.

Bí ẹni tó ni ín bá ti kú

Èyí ló mú ká kọ ọ̀rọ̀ yìí. Opó kan nínú àwọn tí a ń bá ṣe ìwé owó wọn gbà wá láyè láti sọ ọ́ láìdárúkọ. Ọkọ rẹ̀ fi Morris Minor kan sílẹ̀, irú èyí tó ní férémù igi lẹ́yìn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n sin bàbá tí ọkùnrin kan fi dé, tó ní òun yóò fún wọn ní £250 kí òun lè bá wọn palẹ̀ gáráàjì mọ́. Inú ìyá náà dùn sí i. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ní kí wọ́n dúró. Nígbà tí wọ́n tú àwọn páálí, wọ́n bá férémù igi titun tí wọn kò tíì ṣí rárá, àti ìwé kékeré tí bàbá kọ gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe sí. £1,900 ni wọ́n tà á, ẹni tó rà á sì béèrè bóyá òun lè mú ìwé bàbá náà lọ. Ìyá ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ojúlówó sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin tí irú èyí bá bá, ẹ má kánjú. Ẹni tí wíìlì yàn, tàbí ẹni tí òfin fún láṣẹ bí kò bá sí wíìlì, nìkan ló lè tà á. Iye tí ọjà lè gbà á ní ọjọ́ tí olóògbé kú ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ogún, kì í ṣe iye tó ná. Bí ẹni tó ń ra àlòkù irin bá sì fẹ́ ka owó sí yín lọ́wọ́, ẹ ní kó máa lọ: láti 2013, Scrap Metal Dealers Act kò gbà á láyè ní England àti Wales. Ẹ̀yin tí ẹ sì ṣì wà láyè, ẹ bẹ̀rẹ̀ irú ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ẹ kọ iye tí ẹ rò pé mọ́tò náà tó sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa tún un kọ lọ́dọọdún.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá tà á, ẹ dúró kí owó wọ àkáǹtì yín kí ẹ tó jẹ́ kí tírélà gbéra, ẹ má sì gba fọ́tò lórí fóònù ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ó ti san án. Ẹ ya bébà aláwọ̀ ewé tó wà lára V5C fún ẹni tó rà á, kí ẹ sì sọ fún DVLA lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.