Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ọmọ iléèwé, kí ni olùkọ́ rẹ̀ lè ṣe?

Tí òjò bá ti ń ṣú ní Accra nínú oṣù Kẹfà, ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ló máa ń rántí ọjọ́ Kẹta, oṣù Kẹfà, ọdún 2015.

Lálẹ́ Ọjọ́rú náà, àwọn èèyàn sá fún òjò lọ sí ilé epo kan ní Kwame Nkrumah Circle. Omi ya bo àdúgbò, epo dà sínú omi, iná sì sọ. Èèyàn tó lé ní 150 ló kú. Ààrẹ ìgbà náà, John Mahama, kéde ọjọ́ mẹ́ta láti fi ṣọ̀fọ̀ káàkiri Ghana.

Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ọmọdé kì í tán lọ́jọ́ mẹ́ta. Ọmọ tó pàdánù òbí máa padà sí kíláàsì, níwájú olùkọ́ tó ṣeé ṣe kó má mọ ohun tó yẹ kó sọ.

Àgbà nìkan ni wọ́n ń kí

Ní Accra, àwọn Akan máa ń sọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé "due". Àwa Yorùbá a máa sọ pé "ẹ kú ìrọ́jú", "ẹ kú ara fẹ́ra kù". Àmọ́ àgbà ni à ń kí. Ọmọ tó jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó lọ ṣeré níta.

Àwọn míì á sọ fún un pé bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò. Ẹni tó rìnrìn àjò máa ń padà wálé, nítorí náà ọmọ náà á máa retí rẹ̀. Àwọn ọmọ kékeré kì í sábà mọ̀ pé ẹni tó kú kò ní padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹbí ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ. Lẹ́yìn náà, kó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe níwájú gbogbo kíláàsì, kó ní: "Pẹ̀lẹ́ o. Mo gbọ́ pé bàbá rẹ kú. Ó dùn mí gan-an. Tí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo wà níbí."

Kì í ṣe gbogbo ọ̀fọ̀ ló ní omijé

Ọmọ kan lè máa sunkún. Òmíràn á máa jà, tàbí kó máa sùn ní kíláàsì. Òmíràn á ní orí ń fọ́ òun, inú ń run òun. Ẹni tí àjálù ṣojú rẹ̀ lè máa gbọ̀n tí ààrá bá sán.

Ó rọrùn láti pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olóríkunkun, kí wọ́n sì fa ẹgba yọ. Ghana Education Service ti ní kí olùkọ́ má lu ọmọ iléèwé mọ́. Fún ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹgba á kàn dá kún ẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ ni.

Wò, gbọ́, so pọ̀

Lọ́dún 2011, àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, pẹ̀lú àwọn àjọ míì gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí bí a ṣe lè ran ẹni tí àjálù bá lọ́wọ́. Kò pọn dandan kéèyàn jẹ́ dókítà kó tó lò ó. Ohun mẹ́ta ló dúró lé:

- Wò: Kíyè sí ọmọ tí ìwà rẹ̀ yí padà.
- Gbọ́: Má fipá mú un sọ̀rọ̀. Má sọ pé "ọkùnrin kì í sunkún".
- So pọ̀: Mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, bíi agbaninímọ̀ràn iléèwé. Tó bá ní òun fẹ́ kú, kí ẹbí àti ilé ìwòsàn gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyókù jẹ́ ohun kéékèèké. Kó máa jókòó síbi tó ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Ẹ dín iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kù fúngbà díẹ̀. Ẹ gbà kó jáde síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún kíláàsì pé ẹ jọ máa dúró títí yóò fi dá.

Ọjọ́ ikú náà máa ń padà wá lọ́dọọdún. Olùkọ́ tó bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé: "Báwo ni ara rẹ lónìí?"